Kóríko ni baba búrẹ́dì: lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà Ètò Ọ̀gbìn

Sí Ọlọ́lá, Mínísítà fún Ètò Ọ̀gbìn àti Ààbò Oúnjẹ,
Àbújá.



Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń wọ ọ́fíìsì yín lórí ọ̀rọ̀ àlìkámà kò níye: ti àwọn oníléeṣẹ́ ìyẹ̀fun, ti àwọn oníbúrẹ́dì, ti àwọn àgbẹ̀ tí ajílẹ̀ kò tètè kàn. Tèmi kò bá ti ajílẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ kóríko ni mo gbé dé, kóríko tí ẹnikẹ́ni kì í gbìn, tí ẹran ń jẹ, tí àgbẹ̀ ń fà tu, síbẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ kí àlìkámà so ju bó ṣe ń so lọ ti ń lọ tọrọ. Ẹ̀bẹ̀ mi kò gùn. Ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ nínú ìṣúná ọdọọdún, owó tí kò ní pòórá bí wọ́n bá yí mínísítà padà, fún kíkó àwọn ìbátan irúgbìn wa tó wà nínú igbó jọ, fún pípa wọ́n mọ́, àti fún iṣẹ́ pípẹ́ tí a fi ń mú wọn bá irúgbìn oko tan. Gbogbo ohun tó kù nínú lẹ́tà yìí, ìdí ẹ̀bẹ̀ náà ni.

Ẹ má bínú pé Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Mo fẹ́ kí àwọn tí ń jẹ àlìkámà náà gbọ́ ohun tí mo bá yín sọ. Ìhà tiwa kò gbin àlìkámà, ilẹ̀ wa kò gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu wa ò kúrò lára rẹ̀: búrẹ́dì Agége, pọ́fù-pọ́fù, sẹ̀mó, indómì tí ọmọ ń jẹ kó tó lọ sílé ìwé, kéèkì ìgbéyàwó. Lọ́pọ̀ ọdún, ohun tí Nàìjíríà ń kó wọlé ń lé ní mílíọ̀nù 4 tọ́ọ̀nù, láti Amẹ́ríkà, Kánádà, Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ mìíràn. Bí dọ́là bá fò sókè ní Èkó, búrẹ́dì á fúyẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní Ìbàdàn kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ẹ kọ́ ni mínísítà àkọ́kọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn. Ní 1987, ìjọba Ọ̀gágun Babangida fòfin de àlìkámà ilẹ̀ òkèèrè pátápátá. Wọ́n ní kí àwọn ará Kánò, Bọ̀nọ́, Sókótó àti àwọn tó múlé tì wọ́n gbin tiwọn, wọ́n sì gbìn ín lóòótọ́. Ẹni tó ti dàgbà nígbà náà á rántí búrẹ́dì tí wọ́n lú àgbàdo mọ́, àti ìyẹ̀fun tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ní 1992, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn padà. Àwọn kan di ẹ̀bi ru ìwà ìbàjẹ́, àwọn kan di í ru àwọn tí ń ta àlìkámà fún wa láti òkèèrè, ẹ̀bi sì wà níbẹ̀ fún gbogbo wọn. Ní tèmi, ìdí tó ga jù wà nínú oko. Ọmọ ilẹ̀ tútù ni àlìkámà. Ní àríwá wa, ìgbà ọyẹ́ nìkan ló lè gbé láyọ̀: kí wọ́n gbìn ín ní oṣù kọkànlá, kí wọ́n máa bomi rin ín, kí wọ́n sì ti kórè kí ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin tó dé. Àgbẹ̀ tí irúgbìn bá pẹ́ dé ọwọ́ rẹ̀, ooru á ká àlìkámà rẹ̀ mọ́ inú òdòdó, ọmọ inú ṣírí á sì rọ. Òfin ìjọba kò lè dín ooru kù. Àwọn onímọ̀ tó ṣe ìṣirò rẹ̀ kárí ayé ní 2015 sọ pé bí ooru bá fi ìwọ̀n Celsius kan péré lé sí i, bí ìdá 6 nínú 100 ni àlìkámà ayé yóò fi dín. Irúgbìn tó lè fara da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni a nílò, a kì í sì í fi ìwé àṣẹ bí i.

Ẹ bá mi fi sùúrù gbọ́ ìtàn ibi tí àlìkámà ti wá, torí inú rẹ̀ ni gbogbo àlàyé wà.

Àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì kò sí nínú igbó kankan láyé yìí, kò sì sí níbẹ̀ rí. Inú oko ni wọ́n bí i sí, láìsí ẹni tó pète rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 8,000 sí 10,000 sẹ́yìn, àwọn àgbẹ̀ tó wà nítòsí gúúsù Òkun Caspian, níbi tó di ara Ìráànì lónìí, ń gbin irú àlìkámà àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní emmer. Kóríko tín-ín-rín kan ń hù láàárín rẹ̀. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sọ ọ́ ni Aegilops tauschii. Èso rẹ̀ kéré, èèpo rẹ̀ le, kò sẹ́ni tó kà á sí oúnjẹ. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó kóríko yìí bọ́ sórí emmer. Emmer ní kúrómósómù 28, ìyẹn àwọn okùn tí àbùdá ìran wà lára wọn. Kóríko náà ní 14. Ọmọ tí irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá bí kì í sábà so, nítorí ohun tó gbà lọ́wọ́ ìyá kò rí ẹnìkejì rẹ̀ nínú ohun tó gbà lọ́wọ́ bàbá. Àmọ́ ọmọ yìí ṣèèṣì sọ gbogbo ogún rẹ̀ di ìlọ́po méjì, okùn rẹ̀ di 42, olúkúlùkù rí ẹnìkejì, ó sì so. Òun ni baba ńlá gbogbo búrẹ́dì tí ẹ rí lórí tébù yín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Ìgbéyàwó náà kò ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìwọ̀nba kóríko díẹ̀, tí púpọ̀ wọn ti ìhà kan wá, ló bá wọn dá sí i, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn tò lọ rẹrẹẹrẹ láti Síríà títí dé Ṣáínà, tí olúkúlùkù ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ilẹ̀ tirẹ̀. Èyí mọ ọ̀dá, èyí mọ ilẹ̀ oníyọ̀, èyí mọ bí a ṣe ń lé kòkòrò. Ìdá kan nínú mẹ́ta ogún àlìkámà ló ti ọwọ́ kóríko yìí wá, ìdá yẹn gan-an ló sì tòṣì jù lọ. Láti ìgbà náà ni àgbẹ̀ ti ń ṣà lára ohun tó kéré yẹn. Nígbà tó fi máa di ayé àwọn onímọ̀, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣà á tán.

Ní 1944, Hitoshi Kihara ní Jàpáànì, àti McFadden òun Sears ní Amẹ́ríkà, rí i láìgbọ́ ti ara wọn pé kóríko yìí ni bàbá tí a ń wá. Ogun ń lọ láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì lọ́wọ́. (Mo máa ń rò ó pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí ara wọn lọ́dún náà, èyí nìkan ni ọmọ aráyé ń jẹ títí dòní.) Bí ẹ bá ti mọ bàbá àti ìyá, ẹ lè tún ìgbéyàwó náà ṣe, ẹ sì lè yan bàbá mìíràn láti inú ẹbí náà. Ohun tí ilé ìwádìí CIMMYT ní Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nìyẹn ní ìparí àwọn ọdún 1980, lábẹ́ ọmọ Pakísítánì kan tó ń jẹ́ Abdul Mujeeb-Kazi. Wọ́n á mú lẹ́búlẹ́bú kóríko, wọ́n á fi sórí emmer tàbí àlìkámà tí a fi ń ṣe makaróònì, tí àwọn náà ní okùn 28. Ọlẹ̀ tó bá sọ sínú èso kì í sábà yè, nítorí náà wọ́n á yọ ọ́ jáde ní kékeré, wọ́n á tọ́ ọ nínú ìgò, wọ́n á wá fún un ní oògùn colchicine kí okùn rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì. Èyí tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ lé ní 1,000.

Bí wọ́n bá mú àkọ́bí ọ̀kan nínú wọn wá hàn yín, Ọlọ́lá, ẹ ò ní fọwọ́ sí owó kankan. Ó ga ju bó ṣe yẹ lọ, atẹ́gùn díẹ̀ á gbé e lulẹ̀, èèpo rẹ̀ di mọ́ ọmọ débi pé ìpakà di ìyà. Gbogbo ìwà igbó bàbá rẹ̀ ló gbé wá. Wọ́n á wá dá a padà sọ́dọ̀ àlìkámà oko lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á gbin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ, wọ́n á ṣa ìwọ̀nba tó mú ọgbọ́n bàbá láìmú ìwà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò ní ìlú yìí àti ìlú yẹn, ọdún lé ọdún. Ọdún 10 sí 15 kì í ṣe àsọdùn. Ìdí rèé tí mo fi sọ̀rọ̀ owó tí kì í pòórá, torí sáà mínísítà kan kò tó iṣẹ́ yìí í parí, ti ààrẹ kan náà lè máà tó o.

Ṣùgbọ́n ó ń parí. Ní ẹkùn Sichuan ní Ṣáínà, wọ́n mú irú àwọn ọmọ kóríko bẹ́ẹ̀ láti Mẹ́síkò, wọ́n fi wọ́n bá àlìkámà ìbílẹ̀ wọn lò, ní 2003 wọ́n sì gbé Chuanmai 42 jáde. Nínú àyẹ̀wò ìjọba ẹkùn náà, ó so ju àwọn tó bá a díje lọ, àrùn tó ń fi ìlà pupa rúsúrúsú sára ewé kò sì rí i gbé ṣe nígbà náà. Ohun tí kóríko fún un kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Lára irú àwọn ọmọ yìí ni àwọn onímọ̀ ti rí ọmọ ṣírí tó tóbi sí i, àti gbòǹgbò tó ń wa omi lọ sí ìsàlẹ̀ nígbà tí òkè bá ti gbẹ. Ẹ wo Hadejia ní Jigawa lẹ́yìn tí omi ìbomirin bá dín, ẹ ó rí ìdí tí gbòǹgbò fi jẹ mí lógún ju ajílẹ̀ lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún yín pé ìtàn òkèèrè ni mo ń pa. Seri M82, irúgbìn tí àwọn àgbẹ̀ àlìkámà àríwá wa mọ̀ bí ẹní mowó, CIMMYT ló bí i, Ilé Ìwádìí Adágún Chad ní Maiduguri ló sì mú un dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ara rẹ̀, apá kúrómósómù kan kì í ṣe ti àlìkámà rárá: ti ráì ni, ìbátan rẹ̀ kan tó mọ òtútù àti ìyà lò ní ìlà-oòrùn Yúróòpù. Láti ara àlìkámà Rọ́ṣíà kan tó ń jẹ́ Kavkaz ni wọ́n ti gbà á. Apá ráì yẹn fi kún ìkórè, ó sì lé àrùn tó ń mú igi àlìkámà dógùn-ún. Ó ti wà lórí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù hẹ́kítà láyé. Ó ní àléébù tirẹ̀: ó máa ń mú kí ìyẹ̀fun pípò lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹ̀rọ, oníbúrẹ́dì kì í sì í dúpẹ́ fún ìyẹn. Kò sí ẹ̀bùn igbó tí kì í gbé nǹkan mìíràn dání.

Ẹ̀bùn náà kì í sì í wà títí ayé. Ní 1998, wọ́n rí irú àrùn ìdógùn-ún tuntun kan ní Ùgáńdà. Ug99 ni wọ́n pè é, apá ráì tí mo wí yìí kò sì rí i lé mọ́. Ó gba Kẹ́ńyà, ó gba Etiópíà, ó gba Sùdáànì, ó sọdá sí Yẹ́mẹ̀nì, ó dé Ìráànì. Norman Borlaug, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1970 nítorí àlìkámà, ti lé ní 90 ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun lórí rẹ̀. Ibo ni wọ́n tún wá ààbò lọ? Ọ̀dọ̀ àwọn ìbátan àlìkámà náà ni. Ní 2013, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé ọwọ́ ti tẹ àbùdá méjì tó ń bá Ug99 jà: Sr33 ti ara Aegilops tauschii wá, kóríko àkọ́kọ́ yẹn kan náà, Sr35 ti ara einkorn wá, irú àlìkámà àtijọ́ tí ayé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ̀ sílẹ̀. Àrùn náà kò ní jókòó. Ẹni tó bá lọ sínú igbó lẹ́ẹ̀kan, tó sì ti ilẹ̀kùn, yóò tún padà wá ṣí i.

Ọdún 2013 yẹn kan náà ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀ lórí ariwo ìwé ìròyìn. Ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwádìí NIAB kéde pé àwọn tún ìgbéyàwó emmer àti kóríko ṣe, àyẹ̀wò ìbẹ̀rẹ̀ sì fi hàn pé ó lè fi tó ìdá 30 nínú 100 kún ìkórè. Ìwé ìròyìn gbé e káàkiri. Àwọn fúnra wọn sọ pé ó máa tó ọdún márùn-ún, ó kéré tán, kó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ka ìlà yẹn? Ìpíndọ́gba ìkórè àlìkámà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń rìn yí ká tọ́ọ̀nù 8 lórí hẹ́kítà kan. Mi ò sọ pé wọ́n purọ́. Ohun tí ọ̀gbìn ṣe nínú ilẹ̀ kékeré lójú onímọ̀ àti ohun tó ń ṣe lórí oko ẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Iṣẹ́ kóríko ń fi ìdá díẹ̀ kún ìkórè níbí, ó ń gba oko kan lọ́wọ́ àrùn lọ́hùn-ún. Bí ẹ bá gba ẹ̀bẹ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìlọ́po kankan dá àwọn ará ìlú lọ́kàn le lórí tẹlifíṣọ̀n. Irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ló máa ń pa iṣẹ́ náà nígbà tí ọdún kejì bá dé tí ìlọ́po ò sì dé.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo wọn wà ní Mòrókò. Wọ́n mú àlìkámà makaróònì, wọ́n fi kóríko ìbátan rẹ̀ láti Síríà bá a lò, wọ́n sì gbìn ín síwájú àwọn àgbẹ̀ kí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ṣà. Ọ̀dá mú lọ́dún kan, àwọn tó kù gbẹ, èyí so. Àwọn àgbẹ̀ ló yan án, Jabal ni wọ́n pè é, ó sì ti di irúgbìn tí ìjọba Mòrókò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. ICARDA ló wà nídìí rẹ̀, ilé ìwádìí tó ti bá Nàìjíríà pàápàá ṣiṣẹ́ lórí àlìkámà tó ń fara da ooru.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ICARDA. Ní Tel Hadya, lẹ́bàá Aleppo ní Síríà, ni ilé ìpamọ́ irúgbìn rẹ̀ wà, pẹ̀lú àlìkámà àtijọ́ àti àwọn kóríko ìbátan rẹ̀ tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn kó jọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ogun dé. Ṣùgbọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n ti fi ẹ̀dà púpọ̀ nínú irúgbìn náà ránṣẹ́ sí Svalbard, ihò ìpamọ́ abẹ́ òkè yìnyín tí Nọ́wè ṣí ní 2008. Ní 2015, wọ́n lọ gbà á padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni yóò yọ nǹkan jáde níbẹ̀. Wọ́n gbìn ín ní Lẹ́bánónì àti Mòrókò, ó bí sí i, wọ́n sì dá díẹ̀ padà sí Svalbard. Ẹni kan ló jókòó nínú ọ́fíìsì kan, nígbà tí Aleppo ṣì tòrò, tó fọwọ́ sí owó àpótí, àpò àti ọkọ̀ òfuurufú fún irúgbìn kóríko. Kò sí ìwé ìròyìn tó gbé e lọ́jọ́ náà.

Àwa náà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti gbàgbé. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń yan gààrí ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìjẹ̀bú bóyá ó mọ̀ pé ọmọ igbó wà nínú ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, àrùn tó ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tó ń sọ ọ́ di aláwọ̀ adíkálà, ń run oko ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ní Amani, ní ilẹ̀ tó di Tànsáníà, Storey àti Nichols fi ẹ̀gẹ́ bá Manihot glaziovii lò, igi rọ́bà kan láti Ceará ní Bràsíìlì tó jẹ́ ìbátan ẹ̀gẹ́ àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Àkọ́bí wọn kò ṣe é jẹ. Wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ẹ̀gẹ́, wọ́n tún dá a padà. Irúgbìn láti inú iṣẹ́ náà dé Moor Plantation ní Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1950, ọ̀kan tó ti ibẹ̀ jáde ń jẹ́ 58308. Kò so púpọ̀, nítorí náà kò sí àgbẹ̀ tó fẹ́ ẹ. Wọn ò sọ ọ́ nù. Nígbà tí Sang Ki Hahn, ọmọ Kòríà, dé ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ní 1971, ọwọ́ 58308 ló na sí. Láti ara rẹ̀ ni TMS 30572 àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti jáde, àwọn ẹ̀gẹ́ tí àrùn náà kò rí gbé ṣe, tó sì so ju ti ìbílẹ̀ lọ fíìfíì. Àwọn ará Ìkirè fi Hahn jẹ Sẹ́ríkí Àgbẹ̀. Oyè tó tọ́ sí i ni, àmọ́ mo fẹ́ kí ẹ wo ọdún tó wà láàárín Amani àti Ìkirè, kí ẹ sì wo iye ọ̀gá ọ́fíìsì tí ì bá ti sọ pé kí wọ́n kó ẹ̀gẹ́ tí kò so yẹn dànù.

Ṣé gbogbo ìbátan igbó ló ń gbà? Rárá o. Nínú ẹ̀wà, wọ́n rí ọ̀kan, Vigna vexillata, tí kòkòrò tó ń lu pódi ẹ̀wà kì í lè jẹ ní àjẹgbádùn. Wọ́n fi bá ẹ̀wà oko lò títí, ó kọ̀ jálẹ̀, kò bí ọmọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n yà sọ́dọ̀ bakitéríà láti gba àbùdá, ni Nàìjíríà fi gba ẹ̀wà tí wọ́n fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yí àbùdá rẹ̀ padà, tí ariwo rẹ̀ sọ ní 2019. Ẹni tó bá ń náwó sórí iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ gbà pé apá kan yóò lọ láìmú nǹkan bọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé.

Àkọ́kọ́, nínú ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ NAGS-AP tí ẹ fi àlìkámà bẹ̀rẹ̀ ní Jigawa ní 2023, irúgbìn àti ajílẹ̀ lẹ́dìn-ínwó ni owó ń bá lọ. Ó dára. Ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún Ilé Ìwádìí Adágún Chad kí wọ́n lè máa gba àwọn ọmọ kóríko láti ọ̀dọ̀ CIMMYT àti ICARDA lọ́dọọdún, kí wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ gbìn wọ́n, ní oṣù kejìlá tàbí ìkíní, kí ooru lè ká wọn mọ́ lójú wa. Èyí tó bá so nínú ìyà yẹn ni tiwa. Kí àwọn àgbẹ̀ sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣà á, bí wọ́n ti ṣe ní Mòrókò, torí onímọ̀ lè fẹ́ràn ṣírí tó tóbi, kí ìyàwó àgbẹ̀ sì mọ̀ pé kò ní ṣe é pa. Ẹ pe àwọn oníbúrẹ́dì náà, kí ìyẹ̀fun alẹ̀mọ́wọ́ má baà ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Èkejì ni ilé ìpamọ́ irúgbìn ìjọba, NACGRAB, ní Moor Plantation níbi tí 58308 ti hù. Irúgbìn tí a fẹ́ pa mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílò òtútù tó dà bíi ti fìríísà, lọ́sàn-án lóru, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ pé wọ́n mú iná lọ. Ẹ fún wọn ní iná tí kì í lọ, kí ẹ fún wọn ní ọkọ̀ àti owó epo, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ igbó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé láti inú Dioscorea praehensilis, iṣu inú igbó kìjikìji, ni iṣu funfun wa ti wá, ní agbègbè odò Ọya. Títí di àìpẹ́ yìí, àwọn àgbẹ̀ Nàgó àti Bàrìbá ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń hú iṣu igbó wá sóko, wọ́n á máa gbìn ín lọ́dọọdún títí yóò fi di iṣu tó ṣe é gún. Iṣẹ́ tí Mujeeb-Kazi ṣe nínú ìgò, àwọn ń fi ọkọ́ ṣe é. Igbó tí irú iṣu bẹ́ẹ̀ ń gbé ní ìhà tiwa ni katapílà ń wó lójoojúmọ́ fún ilé àti ojú ọ̀nà. Ẹ rán àwọn akójọ síbẹ̀ kó tó di ilẹ̀ títà tán, kí wọ́n sì kó ẹ̀wà igbó àti ìrẹsì igbó mọ́ ọn. IITA ní ẹ̀wà tó lé ní irú 15,000 nínú ìpamọ́, iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ àgbáyé ni. Orílẹ̀-èdè tó tó tiwa yìí gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì ní ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn. Aleppo ti kọ́ wa.

Mo mọ ẹni tó máa dáhùn pé kí la fẹ́ fi àlìkámà ṣe gan-an, ṣé iṣu àti ẹ̀gẹ́ ò tó ni? Ìdajì ọkàn mi wà pẹ̀lú rẹ̀. Mi ò gbà pé Nàìjíríà yóò gbin gbogbo àlìkámà tó ń jẹ láéláé, ẹni tó bá sì fẹ́ gbìn ín ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kàn ń fi owó ìlú ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti mọ búrẹ́dì kò ní fi í sílẹ̀ nítorí pé a kọ àpilẹ̀kọ, oko tó wà ní Kánò àti Jigawa sì wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá kọ́ bí a ṣe ń bá kóríko ṣiṣẹ́ nínú àlìkámà, ọwọ́ tó kọ́ ọ yẹn kan náà la ó fi bá iṣu ṣe. Àwọn ọmọ yunifásítì tó lè ṣe iṣẹ́ ìgò yìí wà ní Ìbàdàn, wọ́n wà ní Zaria. Púpọ̀ nínú wọn ń kọ ìwé ìbéèrè fún físà lọ́wọ́ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nígbà tí ẹ bá gbé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ dé iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, a ó wá ìlà kan nínú rẹ̀, àwa tí a ka lẹ́tà yìí: iye tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìbátan irúgbìn inú igbó, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó máa gbà á, àti iye ọdún tó máa fi gbà á. Bí kò bá sí níbẹ̀, a ó tún kọ̀wé.

Èmi ni,
ọmọ ìlú kan tó ń jẹ búrẹ́dì.